Àlejò Ni Èkó Jà Fún Lọ́dún 1947

Gbogbo wa la mọ Birmingham. A mọ̀ ọ́n nínú fíìmù, a mọ̀ ọ́n lórí fóònù. A mọ̀ pé lọ́dún 1963, ní ìlú yẹn tó wà ní ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá tú ajá sí àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n sì fi páǹpù omi tí wọ́n fi ń pa iná lu àwọn ọmọ iléèwé tó jáde láti fẹ̀hónú hàn. A mọ̀ pé wọ́n ti Martin Luther King mọ́lé níbẹ̀, pé inú àtìmọ́lé ló ti kọ lẹ́tà rẹ̀ tó lókìkí. A mọ̀ pé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, bọ́ǹbù pa ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá di oṣù kejì ọdún, àwa náà á máa gbé àwòrán wọn sójú òpó wa. Kò burú. Ẹni tó bá jà fún ẹ̀tọ́, ẹni tiwa ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló mọ Èkó 1947 nínú wa?

Àwa tí à ń kọ èyí, ọmọ Ola ni wá, ní agbègbè Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la kọ́ ní yunifásítì, kóòdù la sì ń kọ jẹun. A ka ìwé títí a fi gboyè, kò sí olùkọ́ kan tó sọ fún wa pé Èkó tí gbogbo wa ń sáré lọ yìí ti jẹ́ ìlú tí wọ́n là sí méjì nítorí àwọ̀ rí, pé ọdún kan sì wà tí àwọn ará ìlú náà ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí ibi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ. Tiwa náà wà lórí iná, àwa la ò ṣí ìkòkò rẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìyẹn ti Amẹ́ríkà àti South Africa. Òyìnbó ò ṣe irú ẹ̀ fún wa.” Ó ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1861. Lọ́dún 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fi wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n sì dá ìmọ̀ràn pé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé dúdú ni ibà ń gbé, nítorí náà kí òyìnbó kọ́ ilé rẹ̀ jìnnà sí ti ènìyàn dúdú. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ oníṣègùn ni. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fa omi ẹrẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì fún tọmọdé tàgbà ní kínínì, dúdú àti funfun. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa pé ojú ayé ò tíì là nígbà yẹn. Ojú ti là. Ìmọ̀ràn méjì wà lórí tábìlì, wọ́n mú èyí tó burú.

Lọ́dún 1902, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ dókítà dúdú wà ní Èkó. Oguntola Sapara wà níbẹ̀, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti tú àṣírí àwọn tó ń tan ṣọ̀pọ̀ná kálẹ̀. Ó mọ iṣẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ ni kò bá òfin mu.

Lọ́dún 1917, Lugard ṣe òfin ìlú. Ìlú tí òyìnbó bá ń gbé gbọ́dọ̀ ní àgbègbè ti òyìnbó lọ́tọ̀, ti ènìyàn dúdú lọ́tọ̀, kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440 sì wà láàárín wọn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Yáàdì 440 yẹn sún mọ́ pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí a tò léra gbọọrọ. Wọ́n ní ẹ̀fọn kò lè fò kọjá ẹ̀.

Ní Èkó, Ìkòyí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Omi tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì fi orúkọ MacGregor pè, ìyẹn gómìnà tó kọ̀ láti pín ìlú, ló wá di ààlà láàárín Ìkòyí àti Èkó. Ẹ wo ayé! Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun kan: òfin yẹn fàyè gba ọmọ ọ̀dọ̀. Alásè dúdú lè sùn sẹ́yìnkùlé òyìnbó, níbi tí a ṣì ń pè ní BQ dòní. Bó bá jẹ́ pé ibà ni wọ́n ń sá fún lóòótọ́, ṣé ẹ̀fọn ò mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni? Àbí ẹ̀fọn náà máa ń wo ẹni tó wọ aṣọ ìdáná kó tó jẹ ẹ́? Ọ̀rọ̀ ìlera kọ́. Wọ́n kàn fi sáyẹ́ǹsì bo ìwà wọn lójú ni.

A fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a ṣì máa padà sórí ẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ẹlòmíì kì í sọ pé òun kórìíra rẹ̀. Ó máa ń mú ìdí tó gbọ́n wá ni.

Àwa ní Èjìgbò mọ ìpín. Nígbà ọdún Ògìyán, ìlú á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á yọ àtòrì, wọ́n á sì na ara wọn dáadáa. Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi pín ni kí wọ́n lè pàdé. Bí ìhà kan ò bá wá, kò sí ọdún. Ìpín ti Lugard yàtọ̀. Kí ènìyàn méjì má bàa pàdé láéláé ni wọ́n ṣe fi yáàdì 440 sí i.

Bí ìlú ṣe rí nìyẹn títí dé 1947. Ilé ìwòsàn òyìnbó wà, ti ènìyàn dúdú wà. Iṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òyìnbó, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é sínú ìwé gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ afẹ́ òyìnbó wà ní Ìkòyí láti 1938. Hòtẹ́ẹ̀lì wà tí ọmọ onílẹ̀ kò lè sùn.

Ní oṣù kejì ọdún 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan dé sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù. Ivor Cummings lorúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gba yàrá dè é ní Bristol Hotel, hòtẹ́ẹ̀lì tí ọmọ Gíríìkì kan ń ṣàkóso. Nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á. Òṣìṣẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìlú tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso!

Ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn, *West African Pilot* ti Nnamdi Azikiwe wà nínú àwọn tó gbé e, ìlú sì gbaná jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn kì í fojú rinjú da ọwọ́ pọ̀, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan sílẹ̀. Ọdún méjì péré ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945 tí Michael Imoudu wà níwájú rẹ̀, ìjọba ò sì fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹta, Gómìnà Arthur Richards fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin. Ilé ìwòsàn òyìnbó ṣílẹ̀kùn. Orúkọ tí wọ́n ń pe àgbègbè òyìnbó yí padà, ó di Government Residential Area, ìyẹn GRA tí àwọn alágbàtà ilé ń fi ń gbowó lórí wa lónìí.

Ẹni tó bá ń kọ kóòdù á ti rẹ́rìn-ín. Bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà, tí o yí orúkọ rẹ̀ padà láìtún un ṣe, ó ti bàjẹ́ síbẹ̀ ni. Àwọn agbà ti sọ ọ́ ṣáájú wa: bí a bá ní kí èkuru ó tán nínú àwo, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Orúkọ òyìnbó kúrò lára àgbègbè náà, ògiri rẹ̀ kò kúrò. Nígbà tí òyìnbó lọ, àwọn ọ̀gá wa kó wọ inú ilé náà, BQ sì wà lẹ́yìnkùlé níbi tó wà.

Síbẹ̀ a ò ní sọ pé 1947 kò já mọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni yóò jẹ́. Ẹni tó ń ṣàìsàn ní Èkó lọ́dún tó tẹ̀lé e mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni ẹni tí wọ́n jà fún.

Ta ni Ivor Cummings? Ìlú West Hartlepool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1913. Bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà láti Sàró, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Kì í ṣe ọmọ Èkó. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Ìgbò, kì í ṣe Haúsá. Ó tilẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ wá níyà. Lọ́dún 1948, òun kan náà ni ìjọba rán lọ pàdé ọkọ̀ ojú omi Windrush nígbà tó kó àwọn ènìyàn láti Jàmáíkà àti àyíká rẹ̀ dé Gẹ̀ẹ́sì.

Bó bá jẹ́ òde òní, a mọ ohun tí àwọn kan á máa tẹ̀ sórí fóònù: “Ọmọ ibo ni? Kí ló kàn wá? Kó padà sí Sàró.” Àwọn ará Èkó 1947 ò bèèrè ọmọ ibo. Wọ́n rí àlejò tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ nítorí ohun tí Ọlọ́run fi dá a, wọ́n sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kan àwọn náà. Lọ́dún yẹn kan náà, Èkó yan ènìyàn mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin: Nnamdi Azikiwe, Adeleke Adedoyin àti Dókítà Olorun-Nimbe. Ọmọ Ìgbò kan, ọmọ Yorùbá méjì, lábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ìlú náà lè ṣe nìyẹn nígbà tó mọ ẹni tó ń bá jà.

Ó dùn mọ́ni láti dúró síbẹ̀. Àmọ́ kò ju ọdún kan lọ tí gbogbo ẹ̀ fi dàrú. Lọ́dún 1948, ìwé ìròyìn Yorùbá àti ti Ìgbò ń bú ara wọn ní Èkó, ọ̀rọ̀ le débi pé àwọn kan ní ìhà méjèèjì lọ ra àdá nínú ọjà. Àwọn tó jọ ta ko Bristol Hotel ní àná! Ẹ̀bi ẹnì kan ṣoṣo kọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n ti gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n wá ń jà lórí ẹni tí yóò máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkejì.

Ìjà yẹn ò tíì parí. Ní oṣù kẹta 2023, nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkó, a rí fídíò, a ka ìròyìn, bí wọ́n ṣe ń lé olùdìbò kúrò nídìí àpótí nítorí pé ojú rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ jọ ti Ìgbò. A rí ọmọ Yorùbá tí wọ́n lé nítorí pé wọ́n rò pé Ìgbò ni. Kí a tó jí lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ wa kan ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní à ń gba ìlú wa padà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ìlú wa wo? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ wá sí Ola, ẹ wá sí Èjìgbò. Ẹ máa gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Ẹ máa gbọ́ Jùlá. Ṣàṣà ni agboolé lágbègbè wa tí kò ní ẹni tó lọ ṣòwò ní Àbíjàn. Owó Àbíjàn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń wò yẹn, òun ló san owó iléèwé àwọn kan nínú wa. Àlejò làwa. Òwò àlejò la fi ń jẹun láti ìgbà àwọn bàbá bàbá wa.

A sì mọ ohun tí wọ́n ń fojú àlejò rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ ní ogún ọdún, ẹni tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá oníṣòwò, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà, láti ìhà ọ̀dọ̀ wa, padà wálé ọwọ́ òfo. Ní Àbíjàn, láti àárín ọdún 1990 sókè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní *ivoirité* bẹ̀rẹ̀ sí í ya onílé kúrò lára àlejò, títí ogun fi bẹ́ lọ́dún 2002. Kí a má sì purọ́ fúnra wa: lọ́dún 1983, orílẹ̀-èdè tiwa náà lé àwọn ọmọ Ghana. Orúkọ tí a fún báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù lọ ṣì wà lẹ́nu wa dòní, a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nítorí náà, ọmọ Èjìgbò tó bá ń pariwo pé kí àlejò kúrò ní Èkó, ẹ bi í pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Treichville ńkọ́? Ojú wo ló máa fi bẹ̀bẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún dé? Àwọn kan á ní, “Àwọn náà ń ṣe é fún wa níbi tiwọn.” A gbọ́. Ẹni tó gbé irú ẹjọ́ yẹn wá ti gbà pé ìwà náà burú, ó kàn fẹ́ ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ẹnì kan gbé iṣẹ́ wá fún wa nígbà kan. Ó fẹ́ kí a kọ ápù fún àwọn onílé àti ẹni tó ń wálé. Iṣẹ́ dáadáa ni, owó rẹ̀ sì dára. Nínú ohun tó béèrè ni pé kí onílé lè yan ẹ̀yà tí kò fẹ́, kí àwọn ẹ̀yà náà má tilẹ̀ rí ilé yẹn rárá lójú fóònù wọn. “Kó má bàa sí wàhálà,” ló wí. A ní a ò ṣe. Ó ní kí ló dé, ṣebí wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́ ní ẹnu lásán? Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹni tó ti wá ilé ní Èkó rí ló mọ̀ pé alágbàtà á bi ọ́ ní ẹ̀yà rẹ kó tó bi ọ́ ní iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Alágbàtà tó bá fi ẹnu kọ̀ ọ́, o lè bá a jà, o lè bẹ̀ ẹ́, ojú lè tì í. Hòtẹ́ẹ̀lì tó lé Cummings, ó rí ojú ẹni tó lé e, ìlú náà sì rí ibi tí yóò kọjú ìbínú sí. Ápù kò ní ojú. Ẹni tí wọ́n fi kóòdù ti ilẹ̀kùn mọ́ kò ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn kankan wà níbẹ̀. Á kàn máa rò pé ilé ni kò sí. Yáàdì 440 ti Lugard ni wọ́n ní kí a wá kọ yẹn o, tí ẹni tó wà lódìkejì kò ní lè fojú rí i. Wọn ò ní pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, wọ́n á ní ohun tí oníbàárà fẹ́ ni. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní ọ̀rọ̀ ibà ni.

Ẹ má wò ó pé òfin yóò gbà wá. Ẹ̀ka 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ìlú ẹni, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n òfin àti ìṣe ìjọba ló ń bá wí. Gèétì onílé àti ápù rẹ kò sí nínú ohun tó dárúkọ. Nígbà míì ìjọba máa ń jí. Ní oṣù kẹrin 2024, ní Àbújá, àjọ FCCPC ti ilé ìtajà kan tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣàkóso, lórí ẹ̀sùn pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọlé. Gbogbo wa bínú, ó sì tọ́. Àmọ́ inú tó bí wa sí ará Ṣáínà, kí ló dé tí kì í bí wa sí onílé tó ní òun kò fẹ́ Ìgbò, tàbí èyí tó ní òun kò fẹ́ Yorùbá? Ṣé ilẹ̀kùn dùn bó bá jẹ́ ẹni wa ló tì í?

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn àbúrò wa ní ìtàn 1947, kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ Birmingham. Kí wọ́n mọ ibi tí GRA ti jáde wá kí wọ́n tó máa fi í yangàn. Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù: bí àyè kan bá wà tó ń béèrè ẹ̀yà, ẹ bi ẹni tó ní kí ẹ fi síbẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Bí kò bá ní èsì gidi, ẹ yọ ọ́. Bó bá ní kí ẹ fi ti àwọn kan mọ́ta, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Iṣẹ́ míì ń bọ̀. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ọdún ìdìbò bá tún dé, tí wọ́n bá rán fídíò sí yín pé kí ẹ lọ lé àlejò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Àwọn tó jáde ní 1947 kò ní fóònù, wọn ò ní dátà. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè san owó yàrá kan ní Bristol Hotel bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Wọ́n jà fún un síbẹ̀, nítorí àlejò tí wọn ò rí rí. Àwa tí ó kù ká ṣe ohun tó kéré ju ìyẹn lọ, ìyẹn ni pé ká má fọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn, kí ni àwáwí wa?